Ọkọ̀ Pupa Tó Ń Bú Bíi Kìnnìún

Iṣẹ́ Pamílẹ́rìn ni kó máa wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá, kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, obìnrin ni, àmọ́ àárín àwọn ọkùnrin ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, kò sì sí tírélà tó ń dẹ́rù bà á. Akínwùmí tó ń ta ọkọ̀ ní Warehouse Road ni ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kékeré pupa kan dé. Kò ní búùtù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣí sókè. Ìlà dúdú méjì gba orí rẹ̀ kọjá, sálẹ́ńsà méjì yọ lẹ́yìn, àga inú rẹ̀ sì rí bíi ti ọkọ̀ eré ìje. Akínwùmí bu owó gọbọi lé e, ó ní ọkọ̀ asáré ni. Pamílẹ́rìn wà á dé ọgbà, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pe èyí ní asáré o. Ariwo ló ní, kò lágbára."

"Ta ló ń sáré ní Àpápá yìí?" ni Akínwùmí dá a lóhùn. "Ojú làwọn èèyàn ń rà. Bá mi gbé e lọ fún Yínúsà ní Ajégúnlẹ̀ kó wò ó, jàre."

Agẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù ni Yínúsà, ọmọkùnrin tó fẹ́ràn fáàrí.

Ọ̀sán gangan ni. Bí Pamílẹ́rìn ṣe kọjá ọgbà kọ̀ntẹ́nà kan, ó rí ọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà nínú dígí. Ẹni tó wà lẹ́yìn fa àdá yọ. Pamílẹ́rìn tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ bú bíi kìnnìún, àmọ́ ńṣe ló ń wọ́ lọ bí ewúrẹ́ tó lóyún. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ni kò lè lọ. Ọ̀kadà náà bá a.

"Bọ́ sílẹ̀, kí n tó gé orí ẹ!"

Àdá fọ́ gíláàsì, ó wọ apá òsì rẹ̀ dé eegun. Ẹ̀jẹ̀ tú sí i lójú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá ọ̀kadà náà mọ́ ògiri, ó sì gbọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á ṣe ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Èyí tó mú àdá fò dìde, ó fi irun wọ́ ọ jáde, ó ń ta á nípàá níkùn, lẹ́nu, títí eyín rẹ̀ kan fi yọ.

Àwọn awakọ̀ tírélà ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú irin àti sípánà, wọ́n lu ọkùnrin náà títí ojú rẹ̀ kò fi jọ ojú èèyàn mọ́. Pamílẹ́rìn náà gba irin lọ́wọ́ ẹnì kan, ó là á mọ́ ọn léjìká. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Nígbà tí wọ́n yí táyà dé, tí òórùn bẹntiróòlù gba ibẹ̀, ó pariwo pé, "Ẹ má sun ún! Mo bẹ̀ yín!" Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìbọn ọlọ́pàá ló tú wọn ká kí wọ́n tó ṣáná.

Wọ́n rán apá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Ọjọ́ tó padà sí ọgbà, ó bá Yínúsà níbi tó ti ń yí ọkọ̀ náà po.

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣì fẹ́ ra ọkọ̀ yìí. Èmi ò fẹ́ sáré, mo kàn fẹ́ káyé rí mi ni."

"Wọ́n rí èmi," ni Pamílẹ́rìn wí. "Ọkọ̀ yìí dáa fún ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, tí kò fẹ́ kí epo máa jẹ owó òun. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó ń pe olè, wọn ò fún un lágbára tó lè fi sá fún olè. Má san owó asáré lórí ẹ̀."

Akínwùmí tó dúró lẹ́yìn wọn gbọ́ ọ, ó gbá Pamílẹ́rìn létí níwájú oníbàárà. Pamílẹ́rìn fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá di kọ́là rẹ̀ mú, ó fi orí kàn án nímú. Yínúsà ló là wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá sì kún àyà rẹ̀.

Tíṣà kan, Dinah, ló padà ra ọkọ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú. Ó ha ìlà dúdú náà kúrò, ó sì ń gbádùn rẹ̀. Tírélà ni Pamílẹ́rìn ń wà báyìí. Bí ọ̀kadà bá sún mọ́ ọn jù, ó máa ń yí gíláàsì rẹ̀ sókè kíákíá.