Orúkọ Tí Wọ́n Kọ̀ fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé garawa omi máa ń gbé mi ṣubú, àdúgbò Dapoya níhìn-ín ní Ouaga ni agboolé wa wà. Táyà kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tà. Láti Ghana ni òun àti ìyá mi ti ṣí wá.

Lẹ́yìn mi, ìyá mi bí ọmọ, ó kú. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà ò dúró. Nígbà tó wá bí obìnrin, ìjọba rẹfolúsíọ̀n ti dé, sọ́jà ọ̀dọ́ ló wà lórí oyè, gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ di tuntun. Pásítọ̀ gbàdúrà lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá mi sì sọ ọmọ náà ní Kòsọ́kọ́.

Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí bíróò tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ. Akọ̀wé bi í lédè Faransé pé kí ni ìtumọ̀ Kòsọ́kọ́.

Bàbá mi ní, "Kò sí ọkọ́ mọ́ ni. Ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ín la ní kò sí, kí ikú lè fi í sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọmọ rẹfolúsíọ̀n lẹ ń pè bẹ́ẹ̀? Orúkọ ìgbà ojú dúdú nìyẹn. Òfin ti kọ̀ ọ́."

Bóyá òfin ọ̀hún wà lóòótọ́, bóyá ẹnu rẹ̀ ló ti wá, títí dòní n kò mọ̀. Ó kọ Victoire, ìyẹn ìṣẹ́gun, sínú ìwé. Bàbá mi ń tẹríba, ó ń wí pé, "D'accord, d'accord," ìyẹn ni pé òun ti gbà.

Nígbà tá a délé, ìyá mi figbe ta. "Ta ló sọ ọmọ mi lórúkọ? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo sin àwọn yòókù?"

Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Moaga, ẹ̀yà onílẹ̀ ibí, tó ń gbé inú agboolé wa gbọ́, ó ní, "Àwa náà ń sọ ọmọ ní Ààtàn, kí ikú lè kórìíra rẹ̀. Akọ̀wé yẹn ò ní ìyá àgbà ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba bàbá mi. Ọmọkùnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa fún ìjọba, ń gbé lẹ́yìn ògiri wa. "Ìyá wọn, àlejò ni wá," ni bàbá mi wí. "N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé yìí."

Ìyá mi kò pe Kòsọ́kọ́ mọ́, kò sì pe Victoire. "Ọmọ yìí" ló ń pè é.

Nígbà ọyẹ́, èèyi jà ní àdúgbò. Ó pa ọmọ púpọ̀ tí orúkọ wọn dára létí akọ̀wé. Ó pa tiwa náà. Ilé ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn ni bàbá mi ti yá ọkọ́. Ìyá mi wo ọkọ́, ó wo bàbá mi, ó ní, "Ẹ ti rí i."

Mo mọ̀ pé èèyi kì í bi ọmọ léèrè orúkọ. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, kò fi oríkì kí bàbá mi láàárọ̀ mọ́ títí bàbá fi kú, kò sì bímọ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi kan bímọ, ó sọ ọ́ lórúkọ obìnrin kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní bíróò ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó kàn bi wá bí a ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi bọ́ síta, mo lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Ayé ti yí padà, n kò bú u. Ohun tó korò lẹ́nu mi ni pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn, wọn ò sì ṣe é fún ìyá mi.