Ọjọ́ Tí Mo Ṣi "Come Round" Gbọ́

Mo rántí ìgbà tí mílíìkì inú agolo di ohun tí à ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, a sì ń tò láti àárọ̀ nítorí ọṣẹ àti ìrẹsì. Aránṣọ ni mí ní Ẹdẹ nígbà náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ tíṣà kan, torí mo fẹ́ tún ìdánwò tó gbé mi ṣánlẹ̀ ṣe.

Tíṣà yìí ló padà di ọkọ mi, ṣùgbọ́n lákòókò tí mò ń wí yìí, bàbá mi kò fẹ́ gbúròó rẹ̀. Káfíńtà ni Bàbá, àgbà akọrin sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ mùsùlùmí láti agboolé àtijọ́ ni Tíṣà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá sọ ọ́: "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹ." Nílé wa, ohun tí Bàbá bá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ló máa ń le jù.

Nígbà tí mo sunkún dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi tù mí nínú. Ó ní Bàbá máa "come round." Inú mi dùn. "Come" kò ṣàjèjì sí mi, wá ni. "Round", òbìrìkítí. Mo rò wọ́n pọ̀, mo sì rí i pé Bàbá yóò yà kí Tíṣà àti ìyá rẹ̀ nílé wọn. Mo gbọ́n lójú ara mi débi pé n kò bèèrè. Sátidé ni Bàbá sì máa ń ráyè ṣe àbẹ̀wò, ni mo bá sáré lọ bá ìyá Tíṣà, opó kan tó ń ta epo pupa, mo ní: "Mà, bàbá mi ń bọ̀ wá kí yín ní Sátidé."

Ìyá gbálẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun, wọ́n se ìrẹsì tí wọ́n ń tọ́jú de Iléyá, wọ́n sì pa adìyẹ tó ń yé ẹyin fún wọn. A jókòó. Oòrùn kúrò ní àtàrí, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a kò rẹ́nìkan. Nígbà tó yá, Tíṣà wọlé.

"Àlejò wo là ń retí?"

"Bàbá mi ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n máa come round."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ púpọ̀: ẹni tó yà kí ni lè "come round", ẹni tó dákú tó sì jí, òun náà "come round", ẹni tó kọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ wá rọ̀, òun náà "come round". "Èyí tó kẹ́yìn ni mo ní lọ́kàn." Bó ṣe rí ojú ìyá rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní tèmi, ihò tí n ó wọ̀ ni mò ń wá.

Ìyá kò bínú. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. "Oúnjẹ tá a sè de èèyàn, a kì í dà á nù. Dìde, gbé e, mú mi lọ bá bàbá rẹ."

Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò síṣẹ́, torí ta ló ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí kò rí oúnjẹ? Wọ́n jókòó sórí pákó, ètè wọn gbẹ. Ìyá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí. Nígbà tí a ò rí yín, ẹ̀rù bà mí, mo ní kó má lọ jẹ́ pé ara yín ni kò yá."

Bàbá wò mí. Mo wolẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kàn ní "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀", ojú yóò ti opó náà, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Bàbá ní:

"Ẹ má bínú, ìyá. Iṣẹ́ ló dá mi dúró."

Iṣẹ́ wo? Bàbá fọwọ́, wọ́n gbàdúrà lórúkọ Jésù, Ìyá ṣe àmín, Bàbá sì jẹun. Lẹ́yìn náà, wọ́n sin Ìyá dé ẹnu ọ̀nà agboolé, èmi ru abọ́ tẹ̀lé wọn.

Títí Bàbá fi kú, wọn kò fẹnu sọ pé àwọn gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà ra epo lọ́dọ̀ Ìyá, bẹ́ẹ̀ epo wà nílé. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé pákó ìrókò tí wọ́n ti fi pamọ́ fún pósí ara wọn, wọ́n fi kan bẹ́ẹ̀dì fún èmi àti Tíṣà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa wá lò tí ọjọ́ bá pé. Wọ́n ní: "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú?"

Mo yege ìdánwò náà níkẹyìn, ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́ ló sì ti fò lọ. Mo máa ń rò ó pé ká ní mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà náà, adìyẹ Ìyá ì bá yè, ṣùgbọ́n ta ni ì bá gbé ẹsẹ̀ lọ bá Bàbá? Tíṣà ti ṣáájú mi lọ. Èmi nìkan ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìrókò náà báyìí. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo bá ń tẹ́ ẹ, mo máa ń na ọwọ́ dé ẹ̀gbẹ́ tí Tíṣà máa ń sùn sí, kí aṣọ ibẹ̀ náà lè gún.