Kápẹ́ẹ̀tì Bùsàrí Lọ́wọ́ Alphonse

Rárá o, kì í ṣe torí owó ló ṣe fa ọkùnrin tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì yẹn láṣọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Gbogbo àdúgbò Madagascar ní Douala níbẹ̀ ló mọ̀ pé Bàdámọ́sí sanwó ọkùnrin náà pé, ó tiẹ̀ san án ṣáájú, ohun tí kò ṣe rí láyé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin náà, kó lè yé yín dáadáa.

Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó tẹ̀lé Bùsàrí ọkọ ẹ̀ wá sí Douala ní Kamẹrúùnù, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí sì ṣẹlẹ̀, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé níbẹ̀. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Marché Dakar, èyí tó ní òdòdó lára àtèyí tí ò ní. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú ẹ̀ sì mú. Tó bá fẹ́ ra tòmátì, á da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí ti ìsàlẹ̀. Tó bá ra epo, á fi ìka kàn án, á tọ́ ọ wò, á tún gbóòórùn ìka náà. Bí ọmọ ẹ̀ bá ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́, á ní kó mí sí òun lójú kóun mọ ohun tó jẹ. Kì í ṣèèyàn burúkú o. Kò kàn gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni, àfi Ọlọ́run àti Bùsàrí, Bùsàrí sì ti kú láti bí ọdún mẹ́ta.

Nínú gbogbo ohun tí Bùsàrí fi sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì pupa kan tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà ló jẹ ẹ́ lógún jù. Èjìká lọkùnrin náà fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú bààlúù, tó ń làágùn. Ó kún pálọ̀ wọn tán. Lápá ìlà oòrùn, lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ ni Bùsàrí ti máa ń kírun, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ibì kan náà ṣáá. Tó bá ṣe àlùwàlá tán, kì í nu ẹsẹ̀, tomi-tomi ni á gun orí kápẹ́ẹ̀tì. Orúnkún sì tún máa ń dùn ún, òrí ló fi ń pa á láàárọ̀ lálẹ́. Omi, òrí, orúnkún, iwájú orí, ọdún ń gorí ọdún, títí ibẹ̀ fi dúdú. Ojú orúnkún méjì rogodo, ojú ọmọ-ìka ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ojú iwájú orí níwájú. Ẹ ò ní í béèrè ẹni tó ń kírun níbẹ̀.

Lẹ́yìn tó kú, ibẹ̀ ni Bàdámọ́sí gbà ṣe tirẹ̀. Á rọra fi orúnkún sínú ojú orúnkún yẹn bí ẹni ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Tó bá foríkanlẹ̀, òrí ló ń gbóòórùn. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nígbà yẹn. Labeebah ọmọ ẹ̀ tiẹ̀ rò pé ìdọ̀tí ni.

Ọdún 1991 ni mò ń wí, nínú oṣù keje. Ẹ rántí ọdún yẹn? Ọdún ville morte. Àwọn tó ń bá ìjọba fà á ní kí gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tajà láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan lèèyàn lè jáde ra nǹkan. Táksí kì í ṣiṣẹ́, táyà ń jóná lóríta, kò sì sẹ́ni tó ń kólẹ̀ nínú gọ́tà. Níbi tí gọ́tà ti dí bẹ́ẹ̀ ni òjò ọjọ́ Fúráìdè kan dé, lẹ́yìn ìrun alásàrì. Òjò Douala kẹ̀. Kí Bàdámọ́sí tó gbé redíò sórí tábìlì, omi ti wọlé, omi dúdú, omi gọ́tà pẹ̀lú ti ṣáláńgá, ó ń gbé bàtà káàkiri pálọ̀.

Nígbà tí omi fà tán, kápẹ́ẹ̀tì wúwo bíi màlúù tó kú sódò. Òun àti Rọ̀kíbátù, obìnrin Ìṣẹ́yìn tó wà ní yàrá kejì, fà á títí, kò mira.

"Màámi, on va le jeter," Labeebah ní. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, Douala ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. "Ká jù ú nù. Ó ti ń... ó ń rùn."

"Kí ló ń rùn? Ìwọ lò ń rùn."

Ó mọ̀ pé ó ń rùn. Èyí tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé nàjásí ti kàn án, kò ṣeé kírun lé mọ́ àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kó mọ́ dénú. Ní òru ọjọ́ yẹn orí bẹ́ǹṣì ló ti kírun ìṣáì, kò sì mọ ohun tó ń kà.

Labeebah ló wá rántí Alphonse. Káṣíà ni ọmọ náà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó, ọkùnrin yìí sì máa ń wá ra ọṣẹ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì inú àwọn ilé ńlá ló ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí la crise, ọ̀dá owó yẹn, le, òyìnbó palẹ̀ mọ́, ó gba ìlú ẹ̀ lọ, kò san owó oṣù mẹ́rin. Alphonse wá gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi náà dípò owó ẹ̀, ó ń dá ṣe é.

"Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ọ̀gá ẹ̀ sá ni kí n gbé kápẹ́ẹ̀tì baba ẹ fún?"

"Òun ò sá, Màámi. Patron ló sá."

Sátidé, Alphonse dé tòun ti ọmọlanke, èyí tí wọ́n ń pè ní pousse níbẹ̀. Ọkùnrin gíga, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀, ó yí etí kápẹ́ẹ̀tì náà padà, ó ń fi ìka ka ẹ̀yìn ẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì.

"Kí lò ń kà níbẹ̀?" Pidgin ni wọ́n jọ ń sọ.

"Kókó ni, Mama. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun èyí! Irun àgùntàn gidi ni. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń wá irú ẹ̀ kiri ní Bonapriso?"

Ọkùnrin náà rò pé òun ń yìn ín. Bàdámọ́sí gba etí kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bonapriso ò mọ̀ ọ́n," ló dá a lóhùn. "Kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Omi mímọ́ lo máa dà sí i o, omi tó ń ṣàn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Fi orúkọ ìyá ẹ búra."

Alphonse rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni màá fọ̀ ọ́, Mama. Tí mo bá fi máa gbé e padà ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo alágbàfọ̀ máa ń sọ nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ sọ irú ẹ̀ fún Bàdámọ́sí, kẹ́ ẹ sì máa wo ojú ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ọmọlanke ò tíì yí kọ́nà tí Rọ̀kíbátù ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Labeebah, ẹ gba rìsíìtì?"

"Rìsíìtì wo?"

"Háà. Ẹ tiẹ̀ fi àmì sí i?"

"Àmì wo, Rọ̀kí?"

"Ó dáa náà. Ṣé ẹ mọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó gbé bẹ́ẹ̀dì fún wọn pé kí wọ́n tún un kì? Wọ́n gbé e padà, ó ga fíofío, gbogbo wa ń kí i kú oríire. Àfi bí ewúrẹ́ ṣe wọlé lọ́jọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Koríko!"

Labeebah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìyá ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, Túsìdeè, ilẹ̀kùn gbogbo ìlú tì. Bàdámọ́sí jókòó sórí símẹ́ǹtì pálọ̀ tó mọ́ fẹ̀ẹ́rẹ́, ó ń ro bí ìka yẹn ṣe ń ka kókó. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, ó so ìró mọ́dìí, ó gbé abọ́ kan rù kí àwọn tó ń sun táyà lè rò pé omi ló ń lọ pọn, ó bá fẹsẹ̀ rìn láti Madagascar dé Bonapriso. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi méjèèjì, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ gba ìyà. Àwọn oríta kan wà tó ní láti kọjá tó jẹ́ pé èéfín nìkan ló wà níbẹ̀.

Àgbàlá iléeṣẹ́ òyìnbó yẹn tó ti kógbá wọlé ni Alphonse ti ń fọ nǹkan. Géètì tì, ṣùgbọ́n ó rí kápẹ́ẹ̀tì kan nínú, wọ́n sá a sórí irin fàráńdà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọjú síta. Ṣé tòun ni? Ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì wo lèèyàn ń dá mọ̀?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i síhìn-ín kí n rí ojú ẹ̀," ló sọ fún gáàdì, bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí páànù.

"Madame, ville morte ni. Ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́."

"Bẹ́nikẹ́ni ò bá ṣiṣẹ́, ta ló sá kápẹ́ẹ̀tì?"

Bàbá ronú sí i. "Alphonse ni. Kò sí níbí. Ó bá madame kan jáde, Madame Monique. Obìnrin náà wá wo kápẹ́ẹ̀tì yìí, inú ẹ̀ dùn sí i púpọ̀."

"Ó wá wo kí ni?"

"Kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó wu òun."

Bí Bàdámọ́sí ṣe rìn dé ilé, kò lè sọ ọ́. Ó gbàgbé abọ́ sí ẹnu géètì yẹn, òun tí kì í fi ọmọrí ìkòkò sílẹ̀ lẹ́yìn. Títí Fúráìdè, kò bá Labeebah sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Sátidé, ó kù díẹ̀ kí oòrùn mú, Alphonse dé. Ó ti ká kápẹ́ẹ̀tì náà rogodo, ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó dáadáa nítorí òjò. Inú ẹ̀ ń dùn, ó ń fi ẹnu súfèé. Rọ̀kíbátù ti jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà tú okùn, ó tì í lẹ́ẹ̀kan, kápẹ́ẹ̀tì náà sì ṣí dé ògiri kejì.

Ó pupa! Ó pupa bí ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Àwọn òdòdó aláwọ̀ búlúù tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé wọ́n wà níbẹ̀ tún yọjú. Irun ẹ̀ dìde lọ rẹrẹ. Labeebah pàtẹ́wọ́.

Bàdámọ́sí ò wo òdòdó. Ẹ̀bá fèrèsé ló lọ tààrà. Ó wo ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á síwá sẹ́yìn, ó foríkanlẹ̀. Ọṣẹ ló gbóòórùn. Ó sún díẹ̀, ó tún foríkanlẹ̀. Ọṣẹ.

Ó dìde, ó di ṣẹ́ẹ̀tì Alphonse mú níbi ọrùn.

"Kápẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Mama, òun rèé."

"Kápẹ́ẹ̀tì mi dà! Olè! O ti ta tèmi fún Monique, o wá lọ ra ayédèrú wá fún mi!"

"Màámi, lâche-le! Fi í sílẹ̀! Òun náà ni!"

"Ẹ má fi í sílẹ̀ o," Rọ̀kíbátù ní, ó ti dìde dí ẹnu ọ̀nà. "Kí wọ́n bá wa mú ewúrẹ́ kan wá ná."

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ sójú fèrèsé. Bọ́tìnnì kan já lára ṣẹ́ẹ̀tì Alphonse, kò sì jà. Ó ní, "Madame Monique? Ó rí i bó ṣe mọ́ ni, ó ní kí n wá fọ tòun náà. Ibẹ̀ ni mo bá a lọ." Bàdámọ́sí mì í jìgìjìgì. Ọkùnrin náà wá rọra sún mọ́ fèrèsé pẹ̀lú obìnrin yẹn lọ́rùn ẹ̀, ó na ìka sílẹ̀.

"Mama, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀? Ohun dúdú kan. Ó rí rogodo-rogodo, méjì, bí ìdí ìkòkò. Àwọn kéékèèké kan wà lẹ́yìn wọn níhìn-ín, ọ̀kan sì dá wà níwájú lọ́hùn-ún. Àbí irọ́ ni mò ń pa?"

Alphonse fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

"Ọ̀rá ló wà níbẹ̀, ọ̀rá àtijọ́. Ẹ̀rọ mi ò ká a. Omi gọ́tà tó wọlé, ọjọ́ kan péré ni mo fi fọ ìyẹn kúrò lára ẹ̀. Tibí yìí, ọjọ́ méjì ni, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì, lórí ìkúnlẹ̀." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ hàn wọ́n, awọ ẹ̀ ti bó. "Mo ní àlejò á máa wọ ilé Mama, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí nìyẹn. Mo ní ojú ò gbọdọ̀ tì í. Mi ò gbówó èyí lọ́wọ́ yín o. Mo kàn ṣe é ni."

Ọwọ́ Bàdámọ́sí tú kúrò lọ́rùn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò rí i. Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó jí i. Ẹ sì mọ ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà? Ó ní ká ní ọkùnrin náà jí i ni, ì bá sàn fún òun. Ó ní orúnkún Bùsàrí ì bá wà ní ilé ẹnì kan ní Bonapriso, òun ì bá máa fẹsẹ̀ lọ wò ó.

Labeebah ti ń wo ìyá ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ ẹ̀bá fèrèsé. Ó dà bí ẹni pé ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Alphonse ní tiẹ̀ rò pé ìjà ti parí, ó ń tún kọ́là ẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Rọ̀kíbátù pàápàá kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bàdámọ́sí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé ojú sókè wo ọkùnrin náà, ojú tó fi ń wo tòmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti rọ̀.

"Alphonse," ló ní, "omi tó o fi gbo ibí yìí, ibo lo dà á sí?"