Ọ̀pá Ọfà tí Tẹ̀ẹ́wò Fọkàn Tán

Tẹ̀ẹ́wò ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń pè é, wọn ò sì ṣì í pè. Iṣẹ́ ọfà ló ń ṣe. Kò sí ọ̀pá tó dé iwájú rẹ̀ tí kò ní dì mú lórí àti nídìí, kó fi àtàǹpàkò ti àárín rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ wò. Á gbé etí sún mọ́ ọn, á di ojú, àfi bíi pé ọ̀pá fẹ́ ṣòfófó ẹnìkan fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mi ò bá a jà. Àmọ́ bó ṣe ń ṣe ọ̀pá náà ló ń ṣe èèyàn. Bí mo bá ra àlùbọ́sà wálé, á tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọkùnrin kan bá kí ọmọ wa lẹ́ẹ̀mejì, á bi mí pé ta ló rán an.

Mi ò ní parọ́, ó nídìí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ojú rẹ̀ ni ọ̀pá kan ṣe ṣẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe tú ọsán sílẹ̀, ìyẹn okùn ọrun. Ìdajì fò lọ, ìdajì wọ ọ̀gá lọ́wọ́ òsì tó fi di ọrun mú. Ọwọ́ náà ò ká mọ́ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀pá ló jẹ̀bi lójú ọkọ mi.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i nígbà tí ọmọ wa obìnrin dé àṣekágbá ìdíje ọfà títa. Aránṣọ ni ọmọ mi. Ọwọ́ òsì tó fi ń di ọrun mú náà ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́; bí nǹkan bá ṣe é, oúnjẹ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ yan ọ̀pá mẹ́ta láàárín àwọn ọparun tó ti ń gbẹ lábẹ́ àjà láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn tí oríkèé wọn jìnnà síra, tí ara wọn dán. Ó so ìyẹ́ mọ́ wọn, ó fi irin sórí wọn. Ó ní òun fọkàn tán wọn. Ẹnu yà mí. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nípa èmi alára.

Àfi bí àbúrò rẹ̀ ṣe fi ọfà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọmọ. Ọfà ni òun náà ń ṣe, ní òdìkejì ìlú, ṣùgbọ́n igi ló máa ń fá, kì í lo ọparun. Tirẹ̀ gún régé, ó sì fi epo pa wọ́n. Ọkọ mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní ẹni tó bá fi epo pa nǹkan, nǹkan ló ń bò. Ó ní ṣé mi ò rántí pé ọmọ iṣẹ́ àbúrò òun wà nínú ìdíje náà ni. Mo ní àbúrò yín mà ni, ọmọ ìyá yín. Ó ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ló bá fi wọ́n kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti pin nílé wa. Ó ní bóyá ẹni tó gbé ọfà wá ti pààrọ̀ tòun. Bó bá jí, á tẹ ọfà ọparun mẹ́ta tirẹ̀ wò. Kó tó jẹun, á tẹ̀ wọ́n wò. Ó lọ ìyẹ̀wù bọ̀, ó tún tẹ̀ wọ́n wò. Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni èmi àti àbúrò òun ń sọ lórí fóònù. Inú bí mi gan-an. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì wo abọ́ náà tìfura-tìfura.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ti ń pe àwọn tafàtafà bọ́ sójú pápá. Ọmọ mi na ọwọ́ gba ọfà. Bàbá rẹ̀ fà á padà, ó ní kí òun tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dún pákáá. Ọ̀pá là sí méjì, ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ sì gún un wọ àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ mi yára di ọwọ́ òsì ara rẹ̀ mú.

“Mo sọ ọ́,” ni ọkọ mi wí, ó ń nàka sí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ láàárín èrò. “Wọ́n ti wọlé ṣe é.”

Mo gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ́ ti dúdú, ó ń dán, òógùn ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Mo gbé méjì tó kù sí oòrùn. Àmì dúdú kan náà wà ní àárín wọn, ilà wẹ́wẹ́ sì ti là káàkiri abẹ́ rẹ̀. Mo mú àtàǹpàkò ọkọ mi, mo gbé e lé àmì náà. Ó bá a mu wẹ́kú.

“Bàbá wọn,” mo ní, “ta ló wọlé?”

Ìtìjú mú un, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí mi. Títẹ̀ ọjọ́ kan ni ìdánwò. Títẹ̀ ojoojúmọ́ ló fọ́ ọ̀pá rere. Àbúrò rẹ̀ dé, kò bèèrè ohunkóhun, ó fi áńkáṣíìfù di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo ṣí báàgì mi. Mo ti yọ ọfà igi mẹ́ta náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn láàárọ̀, torí èmi náà ti ń fura, ọkọ mi ni mo sì ń fura sí.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ wọ́n,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Wọ́n dáhùn dáadáa, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.”

Wọ́n tún pe ọmọ mi. Ó na ọfà igi náà sí bàbá rẹ̀, ó ń dúró. Mo rí àtàǹpàkò ọkọ mi tó gbéra. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Máa lọ,” ó ní.

Ìgbàkigbà tí ọsán bá dún, á fi ojú pamọ́ sí èjìká àbúrò rẹ̀. Ọmọ mi ò gba ipò kìn-ín-ní. Nígbà tó padà, bàbá rẹ̀ ò wo ibi tí ọfà bà. Ó gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án, ó tún ń ká a. Mi ò dá a dúró. Mo jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ wò.