Mo Tún Kílọ́ọ̀ṣì Máṣíìnì Bàámi Ṣe

Bàámi sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì wọn lónìí, omijé ò sì tíì gbẹ lójú mi.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì ni wọn ò ti lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, irin tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ òsì fún kí wọ́n tó pààrọ̀ jíà. Mo wá gbé máṣíìnì ọ̀hún lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìyànà Ọ̀fà láàárọ̀ yìí. Ó yọ páńpù kékeré tó ń fi ọ́ìlì ti kílọ́ọ̀ṣì náà, ó fi òmíràn tó máa jẹ́ kó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálé. Inú mi dùn gan-an!

Bàámi gun orí ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò mì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n dá a padà, kó tún un ṣe sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kílọ́ọ̀ṣì yìí ti dáa, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ni ò lágbára mọ́."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ìwọ ni kó o máa gùn ún."

Mi ò tíì gbà á. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ bàbá yín ńkọ́, ṣé ẹ máa gbà á?