Wọ́n Pe Ìpàdé Lé Mi Lórí Nítorí Eré Sísá

Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ọdún kan, síbẹ̀ ó ṣì ń bí mi nínú bí mo bá rántí rẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní Iléṣà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń jókòó ti maṣíìnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ara mi ti kún débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Mi ò ka èyí sí àìsàn. Ọjọ́ tí mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ojú mi là. Mo dé ìdajì àtẹ̀gùn, èémí mi ò já gaara mọ́, mo bá jókòó síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọjá lára mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ó sì ń gun òkè lọ ní tirẹ̀.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tún un wò lẹ́ẹ̀kejì kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru. Ẹ máa lo oògùn yìí. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn, kí ẹ sì máa sáré díẹ̀díẹ̀ bí ara bá ṣe gbà. Bí ẹ ṣe ń jókòó yìí, ẹ̀mí yín lẹ fi ń ṣeré."

Mo ra bàtà òkìrìkà kan. Mo rán ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ fún ara mi, mo wọ bùbá tó kọjá orúnkún lé e, mo sì wé ìbòrí mi dáadáa. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́, mo jáde. Òpó iná mẹ́ta péré ni mo sá kọjá tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Itan mi méjèèjì ń họ ara wọn, ẹnu mi gbẹ bí ẹni pé mo jẹ eérú. Mo di ògiri ilé ìwé kan mú, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta rí mi. "Màmá, kí ló ń lé yín?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àgbà inú wọn wá fi òwe sí i: "A kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí ẹ ò bá lé nǹkan, á jẹ́ pé nǹkan ń lé yín."

Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá mi. "Ẹ gorí ẹ̀, màmá, mi ò ní gbowó. Ṣé Dádì ló lù yín ni?"

"Eré ni mò ń sá."

"Eré kẹ̀? Níbo lẹ ń sá a lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan."

Ó wò mí tàánú-tàánú, ó sì yí ọ̀kadà rẹ̀ padà.

Bó ṣe ń rí láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí mo ṣe ń kọjá. Oníbàárà mi kan wá gba aṣọ tí mi ò tíì rán, ó ní òun máa gbé e padà wá tí ara mi bá balẹ̀. Ara mi! Mo fi ìbínú sáré dé òpó kẹrin, mo fi sáré dé ìkarùn-ún.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ọ̀tan-Ilé, òun àti àbúrò bàbá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi wá. Wọn ò fọwọ́ kan omi.

"Ìyàwó wa," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ, "wọ́n ní o ti ń sáré kiri ìgboro."

"Eré ìdárayá ni, mà. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa sá a."

"Pẹ̀lú ṣòkòtò? Abilékọ? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin? Wọ́n ní kí n wá wo ìyàwó àbúrò mi kí orí rẹ̀ tó dàrú tán!"

Bàbá náà rọra fi kún un pé, "Bí nǹkan kan bá ń ṣe ọ́, sọ ọ́, ọmọ mi. A ti bá àwọn aláàdúrà sọ̀rọ̀."

Mo wo ọkọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun ló bá mi ra oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ. Òun náà ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé mo ti dà bí àpò ìrẹsì. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò la ẹnu. Ìyẹn ló dùn mí ju gbogbo ẹ̀rín oríta lọ.

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ wo àbúrò yín. Ṣòkòtò péńpé tó fi gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ yìí ṣì wà nídìí rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ikùn sáré kiri pápá, ó ti di ọdún kẹfà. Ta ló pè yín láti Ọ̀tan-Ilé nítorí ìyẹn? Aláàdúrà wo lẹ bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ọkùnrin nìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, mà. Bí mo bá ṣubú lulẹ̀ nídìí maṣíìnì lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dé, ẹ ó máa sunkún pé ìyàwó rere ni mí. Ṣebí mo wà láàyè báyìí? Ẹ jẹ́ kí n sáré mi."

Mi ò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ará ilé ọkọ mi rí. Wọn ò bú mi, wọn ò sì súre fún mi, wọ́n kàn dìde lọ.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wá bá mi nídìí maṣíìnì. "Ṣé kí n máa tẹ̀lé ọ láàárọ̀?"

"Pálọ̀ ló yẹ kí ẹ ti gbè mí lẹ́yìn," ni mo fún un lésì. Èmi nìkan ni mo jáde lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ti ń sáré dé títì Òṣogbo, mo sì ń sá a padà láìdúró. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, inú rẹ̀ dùn, ó dín oògùn mi kù. Ìgbà yẹn ni àrífín tuntun bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tó gba aṣọ rẹ̀ lọ padà wá, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Oògùn wo lẹ lò tí ara yín fi fúyẹ́ báyìí?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní o ti fọn, o sì ń dán. Tíì wo lò ń mu? Fi ránṣẹ́ sí mi o, orúnkún ń dùn mí."

"Mi ò mu tíì kankan, mà. Eré tí ẹ torí rẹ̀ wá pèpàdé ni."

"Má purọ́ fún mi," ló ní. "Ṣáà fi tíì náà ránṣẹ́." Ó sì gé fóònù mọ́ mi létí.