Orin Tí Ọkọ Mi Fi Àtẹ́lẹsẹ̀ Gbọ́

Ẹ wá ibì kan fìdí lé. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e dání wá; etí ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ọwọ́.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá tipẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nídìí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Àgídìngbì. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Òun ni ọ̀gá akọrin láti ìgbà tí a ti ṣí kúrò ní Èkìtì. Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, gbogbo akọrin mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Òun náà mọ̀. Ó wá sọ fún mi pé, bí a bá lọ kí ọmọ wa obìnrin ní Kánádà, òun yóò lọ gbọ́ orin ọ́kẹ́sírà, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ti ń fi oríṣiríṣi ohun èlò kọrin pọ̀. Bí òun bá gbọ́ ọ yé, òun kò ní kúrò nídìí akọrin. Bí òun kò bá gbọ́ ọ, òun yóò fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé gbọ̀ngàn náà. Ilẹ̀ Jámánì ni àwọn olórin ọ̀hún ti wá, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnu ọ̀nà la wà tí mo rí i tí bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà. Èmi náà bọ́ tèmi. Bí a ti ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run nìyẹn; ẹsẹ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ orí mọ́.

Ọmọ wa wò yíká, ó gbẹ́nu sí i létí: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ilé tí èèyàn pọ̀ tó báyìí, tí gbogbo wọn sì dákẹ́, kí lẹ ń pè é níbí?"

Ó gbé bàtà sí abíyá, ó wọlé. Òyìnbó tó ń fi àga han èèyàn wo ẹsẹ̀ wa, ó sì nawọ́ sí àga tiwa.

Àwọn gòjé kéékèèké ló kọ́kọ́ dún, winniwinni bí òjò àárọ̀. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń wo ọwọ́ àwọn olórin bí ó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tẹ orí sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì kọjú síwájú kó má baà rí ojú mi.

Àfi ìgbà tí àwọn gòjé ńlá dá sí i, àwọn tó ga ju ẹni tó ń ta wọ́n lọ. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo rí i tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá ń gbéra. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń fi ìka ka orin náà sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì ṣì í, títí orin fi parí.

Níta, bó ti ń wọ bàtà, ó ní: "Ìsàlẹ̀ orin ṣì ń dé ọ̀dọ̀ mi. Òkè rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí kò gbọ́ òkè, kí ni yóò fi tọ́ àwọn obìnrin akọrin sọ́nà?"

Ọmọ wa fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́.

A padà délé, ó pe àwọn akọrin jọ, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ló jogún ipò rẹ̀. Àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ jogún bàbá fúnra rẹ̀: àárín wọn ló ń dúró sí báyìí. Èmi jogún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ìgbáradì orin ti gbà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. À ń jókòó, à ń sọ̀rọ̀, mo sì ń pariwo kó lè gbọ́. Àwọn ayálégbé òkè wá jogún gbogbo àṣírí wa.